Ìpẹtà Mọ́kànlélógójì

Bí mo bá sọ fún yín pé ọkùnrin kan fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kun ìdọ̀tí sára ọkọ̀ ojú omi oníke kan, tó wá gbé e sílẹ̀ kó gbẹ nínú ilé tí ìyá ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣe àlejò, ẹ ò ní jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ kí ẹ tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí ẹ rò náà ni. Ìyá fọ̀ ọ́.

Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn án, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wọ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nù ún gbẹ. Lẹ́yìn náà ló gbé e padà síbi tó ti mú un, ó kọ imú rẹ̀ sí fèrèsé kó lè dùn ún wò. Iṣẹ́ ọwọ́ àgbà ni. Kò dá òpó kan, kò já okùn kan. Ìdọ̀tí nìkan ló lọ.

Ọkùnrin tó ni ọkọ̀ náà, Bàbá Rẹ́gí ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọ́fíìsì tó ń yẹ òṣùwọ̀n wò ló ti fẹ̀yìn tì, níbi tó ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sọ fún àwọn alápatà pé ìwọ̀n wọn fi ìwúwo ìyẹ́ adìẹ kan yẹ̀. Tí nǹkan kò bá ti ṣe rẹ́gí, oúnjẹ kì í dà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá owó jọ, wọ́n ra aago ògiri fún un. Lọ́sẹ̀ kejì ó gbé aago náà padà lọ bá wọn. Ó ní ó ń fi ìṣẹ́jú méjì lọ́ra.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń ra àwọn àwòṣe oníke àtijọ́, ìyẹn ọkọ̀ òfuurufú, ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ ojú irin, irú èyí tó máa ń wà ní wẹ́wẹ́ nínú páálí, tí èèyàn á fi gúlù tò pọ̀, tí á sì kùn. Tuntun kì í wù ú. Èyí tí ẹlòmíì ti bà jẹ́ ló ń wá kiri: èyí tí ọmọdé kan fi gúlù rẹpẹtẹ lẹ̀ mọ́ra ní ogójì ọdún sẹ́yìn, tí ìyẹ́ rẹ̀ wọ́, tí gíláàsì fèrèsé rẹ̀ pọ́n bí eyín amutábà, tí ọ̀dà orí rẹ̀ sì nípọn bí ẹ̀kọ́ tó ti dì. Bàbá Rẹ́gí á gbé e wálé, á rì í sínú ọ́ìlì bíréèkì ọkọ̀ títí ọ̀dà náà yóò fi bó bí awọ ejò. Á fi ọ̀bẹ yẹ́pẹ́rẹ́ tú oríkèé rẹ̀, á fi sáńpépà pa gúlù àtijọ́ rẹ́, á dí ihò, á tún un lẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

"Ta ló ṣe èyí? Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ṣe irú èyí? Ṣé ẹsẹ̀ ló fi kùn ún ni?"

Ẹni tó fi ẹsẹ̀ kùn ún ti dàgbà, ó ti lè kú pàápàá, àmọ́ Bàbá Rẹ́gí kò ní dárí jì í.

Ìyàwó rẹ̀, tó ń kọ́ni ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ti fara mọ́ ọn. Yàrá tí àwọn ọmọ wọn ń sùn kí wọ́n tó lọ sílé ọkọ ló fún un, ó ní kí òórùn tínà tó fi ń po ọ̀dà má ṣe kọjá ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Òórùn náà máa ń kọjá. Ìyẹn ni ìjà àkọ́kọ́ nínú ilé wọn. Ìkejì ni ti ìdọ̀tí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ti ìdọ̀tí yìí dáadáa, torí òun ni ẹ̀sìn ọkùnrin náà. Bàbá Rẹ́gí gbà pé àwòṣe tó mọ́ kì í ṣe òtítọ́. Ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ a máa dọ̀tí, ó ní. Òjò á rọ̀ sí i, iyọ̀ òkun á jẹ ẹ́, epo á dà sí i, irin rẹ̀ á dípẹtà. Nítorí náà, tó bá ti kun ọkọ̀ kan tán tó ń dán, ìgbà yẹn gan-an niṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Á kán ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ bíńtín sí abẹ́ ìṣó kan tí ó kéré ju ojú èèrà lọ, á fi búrọ́ọ̀ṣì tó ní irun mẹ́ta fa á sísàlẹ̀ pẹ̀lú tínà díẹ̀, títí yóò fi dà bíi pé omi òjò ló ṣàn gba ibẹ̀ fún ogún ọdún. Á lọ ṣọ́ọ̀kì pupa kúnná lórí sáńpépà, á fi ìka tẹ lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ mọ́ ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Kì í mí nígbà tó bá ń ṣe é.

Ẹnì kan ṣoṣo ló tún ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ìlú náà: dókítà eyín kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn báńkì. Ti dókítà máa ń dán. Bó bá kun ọkọ̀ tán, ẹ lè fi ara rẹ̀ ṣe dígí gẹ irùngbọ̀n.

"Eyín àtọwọ́dá ló ń ṣe," ni Bàbá Rẹ́gí máa ń wí. "Kì í ṣe ọkọ̀."

Ohun tó wá da ọ̀rọ̀ rú ni lẹ́tà kan láti ọ́fíìsì èbúté. Wọ́n ti kọ́ gbọ̀ngàn tuntun, wọ́n sì fẹ́ gbé àpótí onígíláàsì kan sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, pẹ̀lú iná nínú. Inú àpótí yìí ni àwòṣe Méje yóò wà. Méje ni ọkọ̀ afàkọ̀ tí gbogbo àgbà ìlú mọ̀, ọkọ̀ kékeré alágbára tó máa ń fa àwọn ọkọ̀ ńlá wọ èbúté láyé ọjọ́un. Lábẹ́ àwòṣe náà ni pátákó idẹ kékeré kan yóò wà, orúkọ ẹni tó ṣe é yóò sì wà lára pátákó náà. "Kí ó rí bí Méje ṣe rí gan-an nígbà tó ń ṣiṣẹ́," ni lẹ́tà náà wí. Ọ̀gá Atukọ̀ tó wa Méje gbẹ̀yìn, tó ti di arúgbó, ni yóò wá yan èyí tó bá jọ ọ́ jù. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀.

Èèyàn méjì péré ló gba lẹ́tà yìí. Ẹ mọ àwọn méjèèjì.

Bàbá Rẹ́gí kò wá owó, kò wá ẹ̀bùn. Pátákó idẹ yẹn ló wọ̀ ọ́ lójú: orúkọ rẹ̀ lábẹ́ gíláàsì, níbi tí gbogbo ẹni tó bá wọ èbúté yóò ti máa kà á, títí kan àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní àdúgbò pé bàbá arúgbó ń fi ọkọ̀ oníke ṣeré. Ó ti fi bírò kọ orúkọ náà sórí páálí kan tẹ́lẹ̀, ó gé e, ó gbé e síwájú ọkọ̀, ó rìn sẹ́yìn lọ wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ti ṣe irú rẹ̀ rí.

Ó sì ní ẹ̀rí. Inú ìwé àtijọ́ kan tó rà ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù ni fọ́tò Méje ti já bọ́, fọ́tò dúdú àti funfun tí wọn kò kọ nǹkan kan sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gbé e lọ fún onífọ́tò, wọ́n sọ ọ́ di ńlá bí ìwé ìròyìn. Nínú fọ́tò náà, ìpẹtà ń ṣàn lára Méje bí omijé. Bàbá Rẹ́gí kà wọ́n. Mọ́kànlélógójì ni. Ọkọ̀ náà tẹ̀ díẹ̀ sápá kan. Ó ní ìgbì ló ń gbé e. Nísàlẹ̀, lẹ́yìn ọkọ̀, nǹkan kan wà tó rí jákujàku. Ó fi awò wò ó fún odidi wákàtí kan, ó ní okùn tó ti tú ni. Ó gé irun búrọ́ọ̀ṣì, ó di í ní ìdì, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ rẹ́gí.

Ìpẹtà mọ́kànlélógójì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ náà, fáníìṣì tí kì í dán ló kù, èyí tí yóò fi bo gbogbo rẹ̀ kí ìdọ̀tí náà má bàa lè ṣí mọ́ láé. Fáníìṣì ti tán nínú ilé. Ó jáde lọ rà á. Ó sì gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ ti lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wọn nígbà náà. Ojú ló bá wá. Dókítà ojú ti yọ awọ funfun kúrò nínú ojú ọ̀tún, ó kù kí wọ́n yọ ti òsì. Ojú kan yìí tó. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì rẹ̀, ó jókòó sí pálọ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo òkè àjà.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí," ó ní, "ṣé bí ilé yín ṣe rí látọjọ́ nìyí?"

Ní ọjọ́ kejì ó fọ fáànù. Ní ọjọ́ kẹta ó fọ gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti ń tan iná. Ó fọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ó fọ ìsàlẹ̀ bàtà Bàbá Rẹ́gí, ó yọ bọ́tìnnì rẹ́díò, ó fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ ló kù.

Nígbà tí Bàbá Rẹ́gí wọlé pẹ̀lú ìgò fáníìṣì lọ́wọ́, ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Káàbọ̀ o, ọkọ wa. Mo bá ọ fọ ọkọ̀ ẹ. Ó ti dọ̀tí kọjá bó ṣe yẹ."

Ọkùnrin náà wo ọkọ̀. Ọkọ̀ náà ń dán bí ẹyin. Gbogbo ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ tò sẹ́yìn eyín rẹ̀, wọ́n ń ti ara wọn. Àmọ́ ta ni yóò sọ ọ́ sí? Ẹni tó bí ìyàwó ẹni ni. Èèyàn lè bú ọba lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó ń bú ìyá ìyàwó lójú.

"Ẹ... ẹ ṣé mà," ó ní. Ó tẹrí ba díẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ mà."

"Kò tó ọpẹ́. Ó kù díẹ̀ kí n fi òkúta ìfọsẹ̀ sí i, mo ní rárá, ó lè ha ọ̀dà."

"Ẹ kú làákàyè mà."

"Àmọ́ mi ò rí àmì kẹ́tù." Ìyá tẹ̀ síwájú, ó nàka sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá èéfín ọkọ̀ náà. "Níbí. Mo fi ojú tuntun mi wá a títí."

"Àmì kí ni mà?"

"Ti kẹ́tù tí wọ́n fi ń se omi. Róbótó báyìí. Àbí Méje kọ́ lo pè é ni?"

"Méje ni mà. Kò sí kẹ́tù nínú ìwé tó bá a wá." Ó mú ìwé náà jáde láti inú páálí, ó fi hàn án. Òkun méjì ló wà láàárín àwọn tó tẹ ìwé náà àti ìlú yìí, wọn kò rí Méje rí láyé. "Ẹ wò ó mà. Òpó. Ọ̀pá èéfín. Ìdákọ̀ró. Kò sí kẹ́tù."

"Hẹn-ẹn. Ní ayé ìgbà tiwa ṣá, nígbà tí a bá ti—"

"Ẹ má wulẹ̀ dààmú ara yín mà. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi yìí gba ẹ̀kọ́ díẹ̀." Ó sì kọ́ ọ. Fún ogún ìṣẹ́jú ó ṣàlàyé fún ìyá bí iyọ̀ ṣe ń jẹ irin, bí ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ dọ̀tí, àti pé ẹni tí kò bá tíì débi ọkọ̀ lè máà mọ̀. Ìyá jókòó, ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó mi orí níbi tó yẹ.

"Ó dáa o," ó ní, ó sì lọ fọ kọ́tìnnì.

Bàbá Rẹ́gí wá ìyàwó rẹ̀ lọ sí ilé ìdáná. Ibẹ̀ ló ti ń máàkì ìwé ìdánwò, torí ibẹ̀ nìkan ni òórùn tínà kì í dé.

"Màmá ẹ fọ ọkọ̀ mi."

"Mo gbọ́. Wọ́n ní o dúpẹ́ gan-an."

"Kí ni kí n ṣe? Kí n bú wọn?"

"O ti dúpẹ́ ná. Ó tán."

"Ìpẹtà mọ́kànlélógójì, ìyàwó mi! Mo kà wọ́n! Lọ́kọ̀ọ̀kan!"

"Ọkùnrin tó ka ìpẹtà, tí kò mọ iye ọmọ tí àbúrò ẹ̀ bí."

"Mẹ́rin ni."

"Márùn-ún ni." Ó fa ìlà pupa sí ìdáhùn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan. "Ìwọ lo fi ọwọ́ ara ẹ da ìdọ̀tí sí nǹkan, o wá ń bínú sí ẹni tó bá ọ kó o kúrò. Ká ní mo mọ̀ pé ìdọ̀tí lò ń wá ni, ẹ̀yìn fìríìjì ì bá ti tó ọ."

"Ọjọ́bọ̀ ni! Ọjọ́ mẹ́rin ló kù! Wọ́n tún wá ń bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́tù. Ní kí dókítà ojú wo oògùn tó ń kán sí wọn lójú yẹn, ó ti ń dé ọpọlọ."

Obìnrin náà gbé bírò sílẹ̀. "Màmá mi ti ṣiṣẹ́ ní èbúté kí wọ́n tó bí mi o. Mo sọ fún ọ nígbà tí à ń fẹ́ra wa sọ́nà. Bi wọ́n."

"Ta ni kò ṣiṣẹ́ ní èbúté rí ní ìlú yìí? Kí n bi wọ́n ní kí ni? Irú ọṣẹ tí wọ́n lò?"

"Tún un kùn nígbà náà," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì mú bírò padà. "Tó o bá tún ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, má wá bá mi."

Ó tún un kùn. Láti ọjọ́ Àìkú títí di Ọjọ́rú, ó ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá náà, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ inú, ó fi àga ti ilẹ̀kùn náà. Ó so fọ́tò mọ́ ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìpẹtà kìíní. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò ṣeé fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ òun kò gbà. Ìkẹtàlá gùn jù. Ìkọkàndínlọ́gbọ̀n wọ́, ó nù ún, ó tún un ṣe, ó tún wọ́. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Ojú ń ta á. Ní gbogbo wákàtí méjì, ìyá á kan ilẹ̀kùn.

"Ọkọ wa, òórùn kan ń jáde níbẹ̀ o. Ṣé kí n bá ọ ṣí fèrèsé?"

"Ẹ ṣé mà. Mo ti ṣí i mà."

"Ṣé kò sí nǹkan tó o fẹ́ kí n fọ̀?"

"Kò sí mà!"

"Má pariwo mọ́ wọn," ni ohùn ìyàwó rẹ̀ dáhùn láti ilé ìdáná.

"Mi ò pariwo!"

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú ó fọ́n fáníìṣì sí i, ìgbà méjì. Ó dúró tì í títí ó fi gbẹ. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó fi omi nù ún, ó tún kán ọṣẹ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti dán an wò. Kò sí ohun tó lọ. Òjò kò lè fọ̀ ọ́ mọ́, ìyá ìyàwó kò sì lè fọ̀ ọ́. Ìpẹtà mọ́kànlélógójì, títí ayé. Ó wá yọ àga, ó ṣílẹ̀kùn.

Ìyá wọlé, ó sì dúró.

"Ó tún ti dọ̀tí!"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Láàárín ọjọ́ mẹ́rin?" Ìyá wo ọkọ̀, ó wo ọkọ ọmọ rẹ̀, àánú sì ṣe é. "Ọmọ mi, ibo lo ń gbé e lọ gan-an?"

Ní Ọjọ́bọ̀, gbogbo wọn jọ lọ sí èbúté, torí pé ọ̀nà ilé ìwòsàn ojú gba ibẹ̀ kọjá, ìyá sì ní láti dé ilé ìwòsàn ní aago méjìlá. Bàbá Rẹ́gí gbé ọkọ̀ sórí itan nínú takisí bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó wọ kóòtù. Nínú àpò òkè kóòtù náà ni búrọ́ọ̀ṣì onírun mẹ́ta wà, àti ìgò ọ̀dà kékeré kan, bóyá nǹkan kan lè bó lọ́nà.

Gbọ̀ngàn náà ṣì ń rùn bíi símẹ́ǹtì tútù. Àpótí onígíláàsì wà lẹ́nu ọ̀nà, iná ti wà ní títàn nínú rẹ̀, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀. Bẹ́ǹṣì kan wà lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni ìyá àti ìyàwó Bàbá Rẹ́gí lọ jókòó sí. Dókítà eyín ti dé, ọkọ̀ rẹ̀ ń tàn lórí tábìlì bí ìgò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

"Ẹ káàárọ̀, Dókítà. Ṣé ọkọ̀ yín ti fọ eyín?"

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Rẹ́gí." Dókítà wo Méje kejì láti òkè délẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ìgbà wo ni àìsàn náà bẹ̀rẹ̀?"

Ọ̀gá èbúté, obìnrin kan tó gbé fáìlì mọ́ àyà, mú Ọ̀gá Atukọ̀ wọlé. Bàbá náà ga, ó gbẹ, ó fi ọ̀pá rìn, ó sì dé fìlà iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Ó kọ́kọ́ dé iwájú ọkọ̀ Bàbá Rẹ́gí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ó pẹ́ níbẹ̀. Bàbá Rẹ́gí ti ń rí pátákó idẹ.

"Kí lèyí?" Bàbá náà nàka sí ìdì irun búrọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn ọkọ̀.

"Okùn ni, sà. Okùn tó tú. Mo ní ẹ̀rí." Ó tú fọ́tò ńlá náà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó fi ọwọ́ nà án. "Ohun gbogbo wà níbẹ̀, sà. Ìpẹtà mọ́kànlélógójì, lójú ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Rẹ́gí."

Ọ̀gá Atukọ̀ wo fọ́tò náà, ó mí kanlẹ̀.

"Koríko ni," ó ní.

"Sà?"

"Kì í ṣe okùn. Koríko ló hù níbẹ̀. Orí ẹrẹ̀ ni wọ́n ti ya fọ́tò yìí. Wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnì rẹ̀ nígbà náà, ó ti tó ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti tì í síbẹ̀. Ẹ ò rí i bó ṣe fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀?" Ó yí padà sí ọkọ̀ oníke náà, ó tún un wò dáadáa, kò sì fẹ́ ṣe àìdáa sí ẹnikẹ́ni. "Òkú Méje lẹ ṣe yìí. Ó jọ ọ́ o. Ó jọ ọ́ gan-an ni."

Dókítà eyín wo òkè àjà.

"Ṣùgbọ́n, sà," ni Bàbá Rẹ́gí wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sókè, "ọkọ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́ a máa dọ̀tí! Iyọ̀ ń bẹ nínú òkun! Kò sí bí ọkọ̀ ṣe lè—"

"Méje kì í dọ̀tí." Bàbá náà sọ ọ́ bí ẹni sọ pé ọjọ́ Ajé ló ń tẹ̀ lé Àìkú. "Bàtà ẹlẹ́rẹ̀ kì í wọ Méje. Wọ́n á lé ẹ sọ̀ kalẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, wọ́n ti lé mi sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì."

Ó fi ọ̀pá rìn lọ bá ọkọ̀ dókítà. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó rí i. "Èyí nìyí. Bó ṣe máa ń rí láàárọ̀ nìyí." Ọ̀gá èbúté ṣí fáìlì rẹ̀, ó yọ bírò. "Àmọ́ nǹkan kan kù. Alásè wa máa ń gbé kẹ́tù gbígbóná sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá èéfín, títí ó fi jó ọ̀dà ibẹ̀. Àmì kan wà níbẹ̀, róbótó, bí owó ẹyọ. Kò ṣeé fọ̀ kúrò. Òun nìkan ni àbàwọ́n tó wà lára ọkọ̀ yẹn." Ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Ọ̀tún ni, àbí òsì? Ó ti kúrò lórí mi."

"Òsì ni," ni ẹnì kan wí láti orí bẹ́ǹṣì.

Ọ̀gá Atukọ̀ dúró gbagidi. Lẹ́yìn náà, kó tó yíjú padà, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sókè díẹ̀, ó wo ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀.

Ìyá ti dìde. Ó rìn wá láàárín gbọ̀ngàn náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó na ọwọ́ sí àpò kóòtù ọkọ ọmọ rẹ̀, ó yọ búrọ́ọ̀ṣì onírun mẹ́ta, ó yọ ìgò ọ̀dà. Ìyá di ojú òsì, ó fi ojú tuntun sún mọ́ ọkọ̀ dókítà, ó sì fa òrùka kékeré kan, tó tín-ín-rín bí irun orí, sí apá òsì ọ̀pá èéfín náà.

"Ibẹ̀ gan-an ni," ni Ọ̀gá Atukọ̀ wí. Ó ti ṣí fìlà.

Ọ̀gá èbúté wo òrùka náà, ó wo ìyá, bírò rẹ̀ sì dúró lórí ìwé. "Ẹ dákun mà, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ìyá ti ìdérí ìgò ọ̀dà, ó fi etí ìró rẹ̀ nu búrọ́ọ̀ṣì náà mọ́, ó dá a padà sínú àpò ọkọ ọmọ rẹ̀.

"Èmi ni mo ń fọ̀ ọ́," ó ní. "Ọdún mẹ́sàn-án."